Àṣẹ́kù ìwé ni, ẹ yé é pè é ní “ákáífù”

Ẹ mú àpilẹ̀kọ èyíkéyìí tí wọ́n kọ ní Yorùbá lórí ìtàn ìjọba amúnisìn. Bí òǹkọ̀wé bá ti dé ibi tí yóò ti sọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bó bá jẹ́ inú ìwé tí Creech Jones, olóṣèlú Ìlú Ọba kan, fi sílẹ̀ ló ti rí i, ọ̀kan á kọ “àwọn bébà Creech Jones”. Òmíràn á kọ “ákáífù Creech Jones”, ìyẹn “archive” tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè. Ẹ̀kẹta tó gbà pé Yorùbá tòun ló jinlẹ̀ jù á kọ “àkójọ ìwé àtijọ́ Creech Jones”. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bí mi nínú, torí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń ṣi òǹkàwé lọ́nà lórí ohun tó kan ìtàn tiwa gan-an.

Arthur Creech Jones ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé, nítorí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹni tó mọ ìtàn Nàìjíríà. Bristol ni wọ́n ti bí i ní 1891. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní gbé ìbọn, wọ́n sì tì í mọ́lé láti 1916 títí di 1919. Ó ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ ẹgbẹ́ Labour ní 1935, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá 1946, òun ló di mínísítà Ìlú Ọba fún ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn. Ibẹ̀ ló wà títí di 1950. Ó kú ní 1964. Ìwé tó kù lẹ́yìn rẹ̀ wà ní ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford, nọ́ńbà tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n sì ni MSS. Brit. Emp. s. 332.

Kí ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń jẹ́? Lẹ́tà tí àwọn èèyàn kọ sí olóṣèlú ni, ẹ̀dà lẹ́tà tí òun náà kọ síta, ọ̀rọ̀ tó ń múra láti sọ níwájú àwọn aṣòfin, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìwé pélébé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, ojú ewé ìwé ìròyìn tó gé kalẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó pé òun fẹ́ kọ ìwé yìí. Iṣẹ́ ni ọkùnrin náà ń ṣe, ìwé sì ń já bọ́ lára iṣẹ́. Apá kan gba ọ́fíìsì ìjọba lọ, apá kan ni wọ́n dà nù, apá kan sọnù nígbà tí wọ́n ń kó láti ilé kan dé òmíràn, apá kan ni ẹni tó ni ín fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun. Èyí tó kù lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni mo ń pè ní àṣẹ́kù ìwé.

Wọ́n ti bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní àṣẹ́kù ń bu ìwé kù, pé ó ń dún bí oúnjẹ àná. Rárá o. Oúnjẹ tí èèyàn jẹ kù, àjẹkù ni Yorùbá ń pè é. Aṣọ tàbí ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò, àlòkù ni. Àṣẹ́kù jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò: tíṣà tó bá ní kí ọmọ yọ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́wàá, àṣẹ́kù ló ń béèrè. Ẹni tó san apá kan owó ọjà sílẹ̀, àṣẹ́kù owó ló máa mú wá lọ́jọ́ mìíràn, ọlọ́jà kò sì ní sọ pé owó náà ò níyì. Ọ̀rọ̀ yìí ń sọ fún wa pé nǹkan ti pọ̀ ju báyìí lọ rí, pé a ti yọ lára rẹ̀, pé ìyókù ló wà níwájú wa. Ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn olùwádìí kó tó ṣí páálí àkọ́kọ́ nìyẹn.

Àkójọ ńkọ́? Ẹni tó ń kó nǹkan jọ ń ṣà á ni. Ẹni tó ń ra sítáǹpù kiri ní àkójọ sítáǹpù, torí ó lọ wá wọn ni. Creech Jones kò lọ wá lẹ́tà. Lẹ́tà ló wá a wálé. Bí a bá wá pè é ní àkójọ, òǹkàwé á rò pé ẹnì kan ti yan èyí tó dára tó sì ti yọ èyí tí kò dára, á wá gbà pé ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ní ti “ìwé àtijọ́”, Bíbélì Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1900 náà, ìwé àtijọ́ ni. Bébà sì ni ohun tí wọ́n ń tà ní rímù, kí ẹnikẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí i.

“Ìwé ìpamọ́” ló sún mọ́ ọn jù lọ, àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún ló sì dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa nǹkan mọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìbòjú nínú, bí ẹni pé àṣírí ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún mi ni orúkọ ilé náà: ilé ìpamọ́ ìwé. Ilé ni ìpamọ́, ohun tó wà nínú ilé ni àṣẹ́kù. Àbùkù tó burú jù lára “ákáífù” nìyí: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan náà pe ilé àti ohun tó wà nínú rẹ̀, a sì gbé ìdàrúdàpọ̀ wọn wálé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ wá wo ilé tí bàbá ti kú. Àpótí pákó kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nígbà tí ẹbí ṣí i, wọ́n bá rìsíìtì owó orí, lẹ́tà ọmọ tó wà ní Kùmásí, ìwé àdéhùn ilẹ̀, àti fọ́tò kan tí kò sẹ́ni tó dá ojú inú rẹ̀ mọ̀, gbogbo rẹ̀ nínú ìdì kan tí okùn so. Bí àbúrò bàbá bá tú okùn náà, tó kó rìsíìtì sí apá kan, lẹ́tà sí apá kejì, tó ní òun ń tún un ṣe, ó ti ba nǹkan jẹ́. Ìdì yẹn ló ń sọ pé owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Kùmásí ni wọ́n fi ra ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, okùn náà gan-an ni ẹlẹ́rìí.

Òfin àwọn tó ń tọ́jú àṣẹ́kù ìwé kò ju ìyẹn lọ. Wọn kì í da ti ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíràn, bí olówó rẹ̀ bá sì ti tò ó, wọ́n máa ń sapá kí wọ́n má yí i. Ní 1940, Creech Jones àti Rita Hinden dá Fabian Colonial Bureau, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n mú sìn, sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Fabian, ẹgbẹ́ àwọn sósíálíìsì Ìlú Ọba, àwọn èèyàn láti Áfíríkà sì ń kọ lẹ́tà ẹ̀sùn àti ìbéèrè sí i. Ìwé ẹ̀ka yẹn wà ní Bodleian bákan náà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tirẹ̀ ni MSS. Brit. Emp. s. 365. Ẹni kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, síbẹ̀ ìdì méjì ni, torí iṣẹ́ méjì ló bí wọn. Ẹ sáà kọ nọ́ńbà sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a.

Ohun tó yẹ ká tẹnu mọ́ ni ìwé ìjọba. Èyí tí Creech Jones kọ gẹ́gẹ́ bíi mínísítà jẹ́ ti ìjọba, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó wà. Nọ́ńbà CO 583 ni kí ẹni tó ń wá ti Nàìjíríà béèrè fún. Òfin ló ń sọ ìgbà tí wọ́n máa ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀: àádọ́ta ọdún ni lábẹ́ òfin 1958, wọ́n dín in sí ọgbọ̀n ní 1967, òfin 2010 sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wálẹ̀ sí ogún. Àṣẹ́kù ìwé ti ẹnì kan kò sí lábẹ́ ìyẹn. Ẹni tó ni ín tàbí ẹbí rẹ̀ ló ń bá ilé ìpamọ́ ṣàdéhùn. Ààlà náà sì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ní 1995, wọ́n yọ mílíọ̀nù 12.5 pọ́n-ùn nínú owó lọ́tìrì Ìlú Ọba láti fi ra ìwé Winston Churchill, olórí ìjọba Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀ rí, èyí tó wà ní Cambridge. Ọ̀pọ̀ èèyàn fárí gá pé kí ló dé tí ará ìlú fi ń sanwó fún ìwé tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba tẹ́lẹ̀. Ẹjọ́ wọn dùn mí, torí wọ́n ní àwíjàre.

Kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún wa? Creech Jones wà nínú ìgbìmọ̀ Elliot tó yẹ ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wò láti 1943 sí 1945. Ó wà lára àwọn díẹ̀ tó ní Yunifásítì kan ṣoṣo ni kí wọ́n kọ́, kó sì jẹ́ ní Ìbàdàn. Lábẹ́ rẹ̀ ni University College Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Òun náà ló kọ lẹ́tà ọjọ́ 25 oṣù kejì 1947 sí àwọn gómìnà pé kí wọ́n sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ti àwọn tí ará ìlú dìbò yàn.

Lọ́dún yẹn kan náà, Nnamdi Azikiwe kó ikọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ bá a ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí òfin ìjọba tí Richards, gómìnà Nàìjíríà nígbà náà, gbé kalẹ̀. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì nìkan ni obìnrin tó wà nínú ikọ̀ náà. Creech Jones ní kí wọ́n padà sílé, kí wọ́n lọ gbìyànjú òfin náà wò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé lórí ìpàdé yẹn kò gbọ́dọ̀ ka àṣẹ́kù ìwé Creech Jones nìkan, torí ìhà kan ni. CO 583 ní Kew ni ìhà kejì. Ìhà kẹta kò jìnnà rárá: àṣẹ́kù ìwé Ransome-Kútì wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ti Herbert Macaulay náà wà.