Kí ni medal roll? Bí a ṣe ń wá baba ńlá ẹni nínú ogun Ìmàgbọn

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí ìdílé wọn ti pẹ́ ní Ọbalendé fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Àmì-ẹ̀yẹ ogun (medal) kan ni, fàdákà róbótó, ó ti dúdú, orí Ọbabìnrin Victoria wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dábùú òkè rẹ̀, tí wọ́n kọ 1892 sí. Ó ní, "Ti baba ńlá wa ni. Wọ́n ní ó bá wọn lọ sógun Ìjẹ̀bú. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni?" Mo ní kó dá a dúró, kó ya etí rẹ̀ yíká. Etí yẹn ni wọ́n máa ń fín orúkọ ẹni tó gbà á sí.

Orúkọ tó wà létí fàdákà yẹ kó wà nínú medal roll pẹ̀lú. Ìwé orúkọ ni. Bí ogun bá ti parí, àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan á ní kí wọ́n to orúkọ àwọn tí àmì-ẹ̀yẹ tọ́ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn àti ipò wọn, wọ́n á wá fi í ránṣẹ́ sí London. Ìlà kan péré ló sábà máa ń kan ẹnì kan. Ẹ má retí orúkọ ìyàwó tàbí ọjọ́ ìbí níbẹ̀ o.

Nínú ogun kúkúrú, ìlà kan yẹn lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù. Oṣù Karùn-ún ọdún 1892 ni Colonel Scott, ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kó ọmọ ogun láti Èkó gba Ẹ̀pẹ́ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò tí Ìjẹ̀bú tì. Nígbà tó di ọjọ́ 19, wọ́n jà lódò Yemọjì, nítòsí Ìmàgbọn; lọ́jọ́ kejì wọ́n ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ìwé wo ló fẹ́ pọ̀ lórí ogun tí ò tó oṣù kan?

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Irin tí wọ́n kọ 1892 sí yẹn, kì í ṣe ogun Ìjẹ̀bú nìkan ni wọ́n fi sọrí rẹ̀. Àwọn tó lọ jagun ní Tambi, lápá Sierra Leone, àti àwọn tó lọ sí Toniataba, lápá Gambia, lọ́dún kan náà gba irú rẹ̀. Ẹ̀ka tí ọmọ ogun wà ló ń là á. Bó bá jẹ́ Hausa Èkó, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tí Glover, tó ṣàkóso Èkó nígbà kan, bẹ̀rẹ̀ sí kó jọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Bó bá jẹ́ West India Regiment, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti erékùṣù Caribbean, ẹ rọra ṣe, torí wọ́n lọ sáwọn ogun yòókù náà.

Ti orúkọ tún wá le jù. Ohun tí akọ̀wé gbọ́ ló kọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ni wọ́n fi ìlú wọn ṣe orúkọ kejì fún, bíi Músà Kano tàbí Mọ́mọ̀ Ìlọrin, torí náà orúkọ tí ìdílé ń jẹ́ lónìí lè má sí níbẹ̀ rárá.

The National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba Britain ní Kew, ní London, ni àwọn ìwé náà wà, lábẹ́ nọ́ńbà WO 100. Ọ̀fẹ́ ni kíkà á níbẹ̀. Ìkànnì Ancestry ní àwòrán rẹ̀, àmọ́ owó ni. Lẹ́tà àwọn gómìnà Èkó wà ní CO 147, ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí bí Carter, gómìnà ìgbà ogun yẹn, ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa Ìjẹ̀bú.

Àwọn tó gbé ìbọn fún Awùjalẹ̀ ńkọ́? Kò sí akọ̀wé tó to orúkọ tiwọn. Oríkì ilé lẹ máa gbọ́, tàbí kẹ́ ẹ béèrè ọmọ wo ni wọ́n sọ ní Abíógun, ọdún wo sì ni. Ó máa ń dùn mí pé ẹni tó borí nìkan ló ní ìwé.

Àwòrán etí fàdákà dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nọ́ńbà hàn ketekete. Orúkọ ti pa rẹ́. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló sọ ìdí rẹ̀: ọdọọdún, bí Iléyá bá ti kù ọ̀la, ìyá-ìyá wọn máa ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o kó lè máa dán. Nọ́ńbà yẹn la wá ń fi wá a báyìí, ojú ìwé kan tẹ̀lé òmíràn.