Ohun tí a fi ń wádìí jẹjẹrẹ kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan náà lóṣù tó kọjá: "Mà, a kà á pé wọ́n ń lo EGF fún iṣẹ́ jẹjẹrẹ. Ibo la ti lè rí i rà fún aláìsàn wa?" Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, torí mo mọ ohun tójú wọn ń rí kí wọ́n tó bèèrè. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ là á mọ́lẹ̀: EGF (epidermal growth factor) tí ẹ ń wá kiri yẹn, purotéènì tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà ni, oúnjẹ sì ni fún ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ.

Ọdún 17 rèé tí mo ti ń sin sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo ní láàbù, kò sì sí ìgò tí ọwọ́ mi ń kàn tó ti EGF. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Stanley Cohen, ló rí i lára ẹ̀yà tó ń ṣe itọ́ fún eku. Nígbà tó fi gún àwọn ọmọ eku tuntun lábẹ́rẹ́, ojú wọn là ṣáájú ọjọ́ tó yẹ. Ó wà lára iṣẹ́ tó gbà á ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1986. Iṣẹ́ EGF nìyẹn: ó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dàgbà, kó pín. Ìjókòó kan wà lójú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbà á, EGFR là ń pè é. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àti ti ìfun ńlá, ìjókòó yìí máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kó máa ṣiṣẹ́ láìgbọ́ àṣẹ. Ní láàbù, a ó kọ́kọ́ febi pa sẹ́ẹ̀lì, a ó wá kán EGF sí i, nanogram 10 péré nínú mílílítà kan, ká lè mọ̀ bóyá oògùn tuntun á lè dá a lẹ́kun. Cetuximab, oògùn jẹjẹrẹ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2004, ìjókòó yẹn gan-an ló ń gbà mọ́ EGF lọ́wọ́.

Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé orílẹ̀-èdè Kúbà ń lò ó fún jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Òtítọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi bo irọ́ mọ́lẹ̀. Nínú àjẹsára Kúbà tí wọ́n ń pè ní CIMAvax, wọ́n so EGF mọ́ purotéènì bakitéríà kan kí ara aláìsàn lè máa rí EGF bí ọ̀tá, kó máa gbá a kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àìrí EGF jẹ ni wọ́n fẹ́ fi dá jẹjẹrẹ lóró.

Wọ́n tún ń sọ pé EGF ènìyàn ni, pé ohun tó jẹ́ ti ènìyàn kò lè pa ènìyàn lára. Ta ló kọ́ wọn? Jíìnì nìkan, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀lé láti ṣe é, ló jẹ́ ti ènìyàn. Inú bakitéríà E. coli la ti sábà ń ṣe é, ara awọ bakitéríà náà sì ni endotoxin ń gbé, ìyẹn májèlé tó ń mú ara gbóná, tó ń mú ènìyàn gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ endotoxin yìí, mi ò lè sọ ọ́ tán. Ẹ sè é lómi, kò níí lọ. Ẹ fi asẹ́ tó ń dá bakitéríà dúró sẹ́ ẹ, á gba ibẹ̀ kọjá. Ooru gbígbẹ 250°C fún ìṣẹ́jú 30 la fi ń pa á lára ìgò òfìfo, kò sì sí bí EGF ṣe lè la irú iná bẹ́ẹ̀ já. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgò láàbù ń ṣèlérí pé endotoxin inú òun kò tó yúníìtì 1 nínú microgram kọ̀ọ̀kan, èyí sì tẹ́ sẹ́ẹ̀lì inú àwo lọ́rùn. Ìgò miligram 1 ní microgram 1,000, nítorí náà endotoxin inú rẹ̀ lè sún mọ́ yúníìtì 1,000. Òfin abẹ́rẹ́ ènìyàn ni yúníìtì 5 fún kílò kan láàárín wákàtí kan. Ẹni tó wọn kílò 60, 300 ni òpin tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé ínsúlínì tí wọ́n ṣe nínú bakitéríà bẹ́ẹ̀ ti di oògùn láti ọdún 1982, àti interleukin-2, purotéènì kan tó ń ta agbára ìdáàbòbò ara jí, fún jẹjẹrẹ kíndìnrín láti ọdún 1992. Wọ́n ṣe ìwọ̀nyẹn fún ara ènìyàn, wọ́n sì dán wọn wò lára ènìyàn.

Ọmọkùnrin kan gbé ìgò kan wá bá mi, ó fi áńkáṣíìfù wé e. "Mà, ẹ bá mi pò ó. Màmá mi ò lè dúró mọ́." Mo ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sí mi létí: fún ìwádìí nìkan, kì í ṣe fún lílò lára ènìyàn. Ó ní ẹni tó tà á fún òun sọ pé ìyẹn ni wọ́n fi ń bo àṣírí oògùn tòótọ́ mọ́lẹ̀. Inú bí mi débi pé ohùn mi ń gbọ̀n. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló ń bá màmá jà. Mo ṣí àwòrán àwo méjì hàn án, sẹ́ẹ̀lì ìfun ńlá kan náà, ọjọ́ kan náà: èyí tí kò rí EGF fọ́nká sílẹ̀ ṣákálá, èyí tó rí i kún dẹ́múdẹ́mú. Ó wò ó títí. Ó wá ní, "Èyí tí mo gún fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

Mo bi í bóyá ara màmá gbóná. Ó ní wọ́n gbọ̀n láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́, àti pé ẹni tó ta ọjà náà ní àmì pé oògùn ti ń jà ni. Ibi tí a jókòó sí náà la ti pe dókítà màmá. Kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà fún dókítà rí.

Tí ẹ bá ti gún EGF fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ìgò náà dání lọ bá dókítà rẹ̀ lónìí, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ gún un àti ìwọ̀n rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ń gbóná, tó ń gbọ̀n, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní wákàtí yẹn gan-an.