Ewé dóńgóyárò tẹ́ ẹ sè, kí ló ń pa nínú ilẹ̀?

"Se ewé dóńgóyárò, jẹ́ kó tutù, dà á sídìí tòmátò, gbogbo aràn inú ilẹ̀ á kú." Ohun tí wọ́n ń sọ kiri nìyẹn, ó ti sú mi. Tí mo bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní àwọn tó ń ta kẹ́míkà ló ń fún mi lówó. Ta ló ń bá yín jiyàn pé dóńgóyárò lágbára? Lọ́dún 1959, ní Sudan, Heinrich Schmutterer, onímọ̀ nípa kòkòrò, ará Jámánì, rí i pé eéṣú ń jẹ ewé mìíràn, wọn ò jẹ dóńgóyárò. Ìyẹn ti yé wa.

Ọ̀rọ̀ ewé yìí ló ń bí mi nínú. Azadirachtin, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ náà, ọmọ inú kóró ló pọ̀ sí. Ti inú ewé kéré sí i púpọ̀. Ẹ wá mú èyí tó kéré, ẹ gbé e ka iná, bẹ́ẹ̀ iná ń bà á jẹ́. Ẹ tún lọ dà á lọ́sàn-án gangan, kí oòrùn lè jẹ ìyókù. Kí ló wá ṣẹ́kù nínú kẹ́ẹ̀gì? Omi kíkorò. Kóró ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń gún, nǹkan bíi 50 gíráàmù sí lítà omi kan. Inú omi tútù ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí mọ́jú, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wọ́n ọn sára ewé nírọ̀lẹ́. Sára ewé ni mo wí o. Kòkòrò tó bá sì jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀: oúnjẹ lè má wù ú mọ́, tàbí kó má rí awọ bọ́.

Nematode, aràn tín-ín-tín inú ilẹ̀ tó ń mú gbòǹgbò ṣọkọ yòkòtò àti tòmátò wú kókó-kókó ńkọ́? Inú gbòǹgbò gan-an ló fi ṣe ilé. Báwo ni omi tẹ́ ẹ dà sórí ilẹ̀ ṣe fẹ́ wọlé tọ̀ ọ́?

"Ẹ̀fọ́ mi tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn tí mo dà á." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ fi bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀, tó jẹ́ pé omi lásán lẹ bu sí i? Ẹ ò fi sílẹ̀. Bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ̀fọ́ yẹn.

Mi ò ní kò wúlò rárá o. Kóró tí wọ́n ti fún epo rẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù bíi kúlíkúlí, tí wọ́n bá rò ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbìn, ó lè dín aràn náà kù. Bó ṣe ń jẹrà ló ń tú amóníà, gáàsì tó lè pa aràn, sílẹ̀, tó tún ń ṣe ajílẹ̀. Èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ló gba ẹ̀fọ́ là? Ó jọ pé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fa ẹ̀fọ́ kan tu ná, kẹ́ ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀ bóyá aràn tiẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn kan ti kúrò lórí dóńgóyárò, omi tábà ni wọ́n ń rẹ báyìí, torí "ewé náà ni". Májèlé ni nicotine inú tábà, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Tábà tún lè kó àrùn mosaic, tó ń mú ewé ní àbàwọ́n, ran tòmátò yín. Ẹni tó bá ti rẹ tiẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́, kó má sì bù ú sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọdé lè gbé mu.