Ray kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ sinimá Bẹ̀ngálì

Bí ọ̀rọ̀ sinimá Bẹ̀ngálì, ní Íńdíà, bá ti délẹ̀, ẹnìkan yóò sọ pé olùdarí fíìmù Satyajit Ray ni ó dá a sílẹ̀, àti pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ kí fíìmù rẹ̀, Pather Panchali, tó jáde ní ọdún 1955. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo fẹ́ràn fíìmù náà, mo sì gbà pé òun ni ó mú kí wọ́n gbọ́ nípa Bẹ̀ngálì ní New York àti ní àjọ̀dún sinimá Cannes, ṣùgbọ́n ṣíṣílẹ̀kùn fún àlejò yàtọ̀ sí kíkọ́ ilé.

Èyí tó hàn gbangba kò gba àlàyé púpọ̀. Ọdún 1931 ni B. N. Sircar dá iléeṣẹ́ fíìmù New Theatres sílẹ̀ ní Calcutta, ní Bẹ̀ngálì. Ní 1935, P. C. Barua darí fíìmù Devdas, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe ẹ̀dá ìtàn tó ń jẹ́ Devdas nínú rẹ̀; nígbà tí Ray fi dé, àwọn òṣèré bíi Uttam Kumar àti Suchitra Sen ti ń fa èrò lọ sílé sinimá.

Ibi tí ó ti díjú ni ọ̀dọ̀ Hiralal Sen. Òun àti àbúrò rẹ̀ dá iléeṣẹ́ fíìmù Royal Bioscope sílẹ̀ ní 1898, ó ya eré orí ìtàgé, ó sì ya àwọn tó ń fẹ̀hónú hàn lórí pípín Bẹ̀ngálì sí méjì ní 1905. Iná jó gbogbo fíìmù rẹ̀ ní 1917, ọdún náà gan-an ni òun náà kú. Irú fíìmù tí wọ́n ń lò nígbà náà tètè ń gbiná, èyí tó jó kò sì ní ẹ̀dà. Síbẹ̀, àwọn tó ń ta ko àwọn olólùfẹ́ Ray a máa búra pé Sen ni ó ṣe fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní Íńdíà, ìtàn Alibaba, ní 1903. Ta ló bá wọn wọn gígùn rẹ̀? Eérú kì í sọ iye wákàtí tí fíìmù fi gùn. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. N kò lè lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun tí a bá ń béèrè ni yóò sọ ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ fíìmù oníìtàn àkọ́kọ́ ní Bẹ̀ngálì, Billwamangal ti iléeṣẹ́ Madan, ní 1919, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ohùn, tí a sì lè béèrè èdè tí fíìmù tí kò fọhùn ń sọ. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń fọhùn, 1931 ni, nígbà tí Jamai Shashthi jáde.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn àkójọ fíìmù àtàtà tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùdarí Ritwik Ghatak parí fíìmù Nagarik ní 1952, ọdún mẹ́ta ṣáájú fíìmù Ray, ṣùgbọ́n 1977 ni ó tó dé ilé sinimá, lẹ́yìn ikú Ghatak. Ẹni tó bá kọ àkójọ tirẹ̀ ní 1970 kò lè rí i kọ síbẹ̀. Bí àkójọ kan bá bẹ̀rẹ̀ láti 1955, ó lè jẹ́ pé èyí tí iná kò jó, tí wọ́n sì kọ Gẹ̀ẹ́sì sí nísàlẹ̀, nìkan ni ẹni tó kọ ọ́ rí wò.