Ibi Tí Ìbéèrè Páálí Ti Ṣẹ̀ Wá

Lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, àmọ́ tí kò tíì gbé pàṣán sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á gbé fóònù ti agolo Milo, á wọ awò ojú rẹ̀, á sì dojú kọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Houston.

"Àtúnṣe mélòó ni wọ́n ti ṣe sí ìwé òfin wọn?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mà."

"Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì! Ṣé Yorùbá ni wọ́n máa bá ẹ sọ níbẹ̀?"

Ìbéèrè páálí là ń pè é nílé, ìyẹn ìdánwò tí àlejò máa ń ṣe kó tó lè di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo tọpinpin rẹ̀ ni mo rí i pé ìbéèrè yìí kò bá òfin ọmọ onílùú Amẹ́ríkà dáyé. Òfin àkọ́kọ́, ti 1790, kò bi àlejò ní ìtàn kankan. Kó ti lo ọdún 2 nílùú, kó níwà ọmọlúwàbí, kó lọ búra níwájú adájọ́, ó parí. Àmọ́ aláwọ̀ funfun tí kì í ṣe ẹrú nìkan ni ilẹ̀kùn ṣí fún. Ní 1795 wọ́n sọ ọdún 2 di 5, òun náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò. Àwa ńkọ́? Ó di 1870, lẹ́yìn ogun tó tú ẹrú wọn sílẹ̀, kí wọ́n tó gba ẹni tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà láyè. 80 ọdún gbáko!

Kóòtù ló ń fúnni níwèé nígbà náà, kóòtù kan kò sì mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Ní New York, bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn olóṣèlú á kó àlejò wọ kóòtù wìtìwìtì kí wọ́n lè dìbò fún wọn. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìdìbò tiwa, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Irú ìwà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bí òfin 1906: ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ á máa bójú tó o, ẹni tó bá sì fẹ́ ìwé gbọ́dọ̀ lè sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ta ló wá ń kọ́ wọn? Ibi tí ìtàn náà ti dùn mọ́ mi nìyí, torí ìjọba kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1889, obìnrin méjì kan, Jane Addams àti Ellen Gates Starr, kó lọ gbé ilé àtijọ́ kan ní òpópónà Halsted ní Chicago, láàárín àwọn ará Ítálì, Jámánì, Gíríìsì àti àwọn Júù. Addams ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó ń ran ará àdúgbò lọ́wọ́, Toynbee Hall, ní London. Hull House ni wọ́n ń pe tiwọn. Lọ́sàn-án, wọ́n ń bá àwọn ìyá tó lọ síbi iṣẹ́ tọ́jú ọmọ. Tó bá dalẹ́, àwọn òbí náà á wá jókòó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kódà wọ́n ṣe balùwẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò náà kò ní. Bí onílé ṣe máa ń ṣe fún àlejò nílùú wa láyé àtijọ́ nìyẹn: kó tó mú un lọ dọ̀bálẹ̀ láàfin, á kọ́kọ́ fi ọ̀nà odò hàn án.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjọba tẹ̀ lé wọn. Ní 1918 wọ́n tẹ ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn tó ń lọ sí kíláàsì níléèwé ìjọba, owó tí àwọn àlejò san láti fi béèrè ìwé ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Òfin 1950 fi kíkà, kíkọ àti ìtàn kún un. Ní 2008 wọ́n tún gbogbo rẹ̀ tò, ìbéèrè 100: wọ́n á bi ẹ́ ní 10, kó o gba 6. Ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù láti ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2025, 128 ló máa kọ́, 20 ni wọ́n á bi í, kó gba 12.

Oṣù kọkànlá ni àbúrò mi tó wà ní Houston yẹn fi fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sílẹ̀. Màmá rẹ̀ ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo 100 àtijọ́. Ó bú ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀, ó sì lọ tẹ tuntun ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lójú ọ̀nà Ọba Adésídà. Ó ti mọ nǹkan bí 90 lórí báyìí. Òun fúnra rẹ̀ kò ní pásípọ́ọ̀tù.