Eta Aquilae lókè Ìlọrin, àti iyàn lórí bí àgbáálá ayé ṣe ń yára fẹ̀ tó

Lóṣù kẹwàá, kété tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìràwọ̀ Eta Aquilae máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní agbedeméjì òkè fún ẹni tó bá dúró níbi tí iná Ìlọrin kò dé, bí àwọn abúlé ẹ̀yìn Òkè-Òyì. Gúúsù Altair tó ń tàn yòò ló wà. Ojú lásán tó o. Ẹ máa fi wé Delta Aquilae àti Iota Aquilae lálaalẹ́. Bó bá mọ́lẹ̀ dáadáa, díẹ̀ ló kù kó tó Delta. Bó bá rẹlẹ̀ tán, kò ju Iota lọ. Kíá ló ń mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹlẹ̀, ọjọ́ 7 àti wákàtí 4 ló sì fi ń yípo.

Cepheid ni wọ́n ń pe irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀: ó ń wú, ó ń sún kì. Lọ́dún 1912, Henrietta Leavitt fi hàn pé bí ìyípo wọn bá ṣe gùn tó ni agbára ìmọ́lẹ̀ wọn ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó bá ti ka ọjọ́ ti mọ agbára náà. Bí ìràwọ̀ bá wá ṣe mọ́lẹ̀ tó lójú wa ló ń sọ bó ṣe jìnnà. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po 2, ìdá 1 nínú 4 ìmọ́lẹ̀ ló máa dé ọ̀dọ̀ wa. Cepheid ni wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n fún supernova Ia, irú ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù, tí wọ́n ń rí láti ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Bí wọ́n bá fi jíjìnnà yìí wé bí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń yára sá lọ, wọ́n á mọ bí àgbáálá ayé ṣe ń yára fẹ̀ tó: nǹkan bíi kìlómítà 73 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún megaparsec kọ̀ọ̀kan (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún ọdún mílíọ̀nù 3.26). Planck, awò inú òfuurufú tó wo ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ jù lọ, mú 67.4. Àlàfo náà ju àṣìṣe tí ẹgbẹ́ méjèèjì kà sílẹ̀ lọ.

Níbo ni ó ti lè yẹ̀? Eruku òfuurufú ń ṣe ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe oòrùn: ó ń dín in kù, ó ń sọ ọ́ di pupa. Bí wọn ò bá yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, ìràwọ̀ á dà bí ẹni pé ó jìnnà jù, iye náà á sì kéré jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú wa kò lè rí, tí eruku kì í fi bẹ́ẹ̀ dí lọ́wọ́. Bí àwọn ìràwọ̀ bá sì para pọ̀ lójú awò, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: Cepheid á mọ́lẹ̀ jù, iye á ga jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fura sí, ṣùgbọ́n James Webb, awò inú òfuurufú tí ojú rẹ̀ mú ju ti Hubble tó ṣáájú rẹ̀ lọ, kò rí i bẹ́ẹ̀.

Iye Planck náà ní ibi tí wọ́n lè mú un: ìṣirò nípa èròjà òkùnkùn (dark matter) àti agbára òkùnkùn (dark energy), ohun méjì tí a kò lè fojú rí, ló gbé e ró. Bí nǹkan kan bá sọnù nínú ìṣirò yẹn, 67.4 kò lè dúró. Ọ̀nà kẹta kò nílò Cepheid, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò ìṣirò yẹn: ìgbì òòfà (gravitational waves) tó jáde nígbà tí ìràwọ̀ neutron méjì, òkú ìràwọ̀ tó kì gan-an, kọlura, tó sì dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún 2017. Ó mú nǹkan bíi 70, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ fẹ̀ débi pé 67 àti 73 wọ inú rẹ̀. Irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ púpọ̀ sí i ni wọ́n ń wá báyìí.