Àríyànjiyàn Ló Bí Ife-Ẹ̀yẹ Rugby Àgbáyé

Bí eré rugby, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré láti lọ gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà alátakò, bá parí lórí pápá, eré ẹnu ló máa ń bẹ̀rẹ̀. "Bọ́ọ̀lù ò kan ilẹ̀!" "Ó kan ilẹ̀!" "Ó já lọ́wọ́ rẹ̀ síwájú kó tó kọjá ìlà." "Bóyá ojú ló ń dùn ọ́." Ẹni tó bá ti jókòó sáàárín àwọn alátìlẹ́yìn nígbà Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé á mọ̀ pé eré 80 ìṣẹ́jú lè bí àríyànjiyàn ọgọ́rùn-ún ọdún. Mi ò sọ àsọdùn o. Ẹ ó rí i níwájú. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìjiyàn yìí kàn ń rọ̀ mọ́ ìdíje náà bí eèmọ́ ṣe ń rọ̀ mọ́ aṣọ ni. Lójú tèmi, ìjiyàn ni ìyá, ìdíje ni ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ William Webb Ellis, torí orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ife náà. Wọ́n ní lọ́dún 1823, ní ilé-ẹ̀kọ́ Rugby tó wà ní Warwickshire nílẹ̀ England, ọmọkùnrin yìí ki bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbá a, ó gbé e sáyà, ó sì fi eré sí i. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n Ellis di àlùfáà, ó kú sí Menton nílẹ̀ Faransé lọ́dún 1872, ọdún kẹrin lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Matthew Bloxam, akẹ́kọ̀ọ́-jáde ilé-ẹ̀kọ́ náà, tó kọ ìtàn yìí jáde. Kì í sì í ṣe ohun tó ṣojú Bloxam fúnra rẹ̀. Lọ́dún 1895, àwọn akẹ́kọ̀ọ́-jáde wádìí ọ̀rọ̀ náà títí, wọn ò rí ẹnì kan tó lè sọ pé ó ṣojú òun kòrókòró. Síbẹ̀, lọ́dún 1900, wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta. Ẹni bá fẹ́ kó gbà á gbọ́. Èmi ò rí ẹ̀rí. Ohun tó dájú ni pé lọ́dún 1845, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ òfin eré wọn sílẹ̀, a kì í sì í kọ òfin sílẹ̀ níbi tí kò bá ti sí ìjà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1870, balógun ẹgbẹ́ márùn-ún ní Scotland kọ lẹ́tà ìpèníjà sínú ìwé ìròyìn. Inú ló ń bí wọn. Wọ́n ti ṣe eré kan ní London tí wọ́n pè ní England àti Scotland, òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé, púpọ̀ nínú àwọn tó dúró fún Scotland ló sì jẹ́ pé London ni wọ́n fi ṣelé. Àwọn ará ilé ní ìyẹn kọ́ ni agbára àwọn: bí ẹ bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá ká ta rugby, ogún ọkùnrin sí ogún. Ní 26 oṣù Kìíní 1871, àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ England pàdé ní London, wọ́n dá àjọ wọn, RFU, sílẹ̀. Ní 27 oṣù Kẹta, ikọ̀ méjèèjì kojú ara wọn ní Raeburn Place, Edinburgh. Scotland ló borí.

Eré rugby àkọ́kọ́ láàárín orílẹ̀-èdè méjì nìyẹn, òun náà ló sì bí ìjà àkọ́kọ́. Nígbà yẹn, bí èèyàn bá gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà àwọn alátakò, kò tíì jẹ ayò kankan. Àǹfààní ló kàn ní láti gbìyànjú kó gbá bọ́ọ̀lù náà la òkè òpó kọjá. Ibẹ̀ ni orúkọ try ti wá. Àwọn England fárígá pé try tí Scotland fi rí ayò wọn kò yẹ kó dúró. H. H. Almond, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan, wà lára àwọn tó ń dájọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé títí di báyìí, òun ò mọ̀ bóyá ìdájọ́ tó fún Scotland ní try náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó fi ọgbọ́n kan kún un: bí adájọ́ eré bá ń ṣiyèméjì, kò burú bó bá dá ẹ̀bi fún ẹgbẹ́ tí ariwo wọn pọ̀ jù, torí ó jọ pé àwọn ni wọn ò jàre. Ká ní ìlànà yìí ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ àwa alátìlẹ́yìn ni, kò sẹ́ni tí ì bá jàre láéláé.

Èyí tó wá dá ilé sílẹ̀ gan-an ni ti ọdún 1884. Ní 1 oṣù Kẹta, England gbàlejò Scotland ní Blackheath. Ọmọ Scotland kan fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn. Ní Scotland, èèwọ̀ ni èyí. Ní England, kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Àwọn Scotland dẹwọ́, wọ́n rò pé eré ti dúró. Ọmọ England kan, Richard Kindersley, ò dẹwọ́ ní tiẹ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà. Igbe ta. Scotland ní òfin ti ṣẹ̀. England bi wọ́n pé ta ló rú u? Ṣebí ọmọ yín ni? Ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ló tún fẹ́ jèrè ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Lójú tèmi, ìbéèrè yìí lágbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi máa ń wà lọ́dọ̀ Scotland.

Try dúró, England borí, ọ̀rọ̀ ò sì tán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, England àti Scotland ò bá ara wọn ta rárá. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀. England ní àwọn lòfin wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn yòókù ní ẹnì kan kì í jẹ́ olùpẹ̀jọ́ kó tún jẹ́ adájọ́. Lọ́dún 1886, Scotland, Ireland àti Wales dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa yanjú irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀, International Rugby Football Board. England kọ̀, wọn ò dara pọ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù náà kọ̀ láti bá England ta lọ́dún 1888 àti 1889. Ọdún 1890 ni àwọn onílàjà tó rí ọ̀rọ̀ náà parí, tí England wọlé. Àjọ yẹn ni wọ́n ń pè ní World Rugby lónìí, òun ló sì ni Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Orí bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n fọwọ́ gbá sẹ́yìn ní Blackheath ni wọ́n kọ́ ilé náà lé.

Mo ṣèlérí ìjiyàn ọgọ́rùn-ún ọdún. Òun nìyí. Ní 16 oṣù Kejìlá 1905, àwọn All Blacks ti New Zealand dé Cardiff láti pàdé Wales. Eré 35 ni wọ́n ta ní ìrìn-àjò yẹn, wọ́n sì borí nínú 34. Wales nìkan ló rí wọn mú, 3 sí 0. Ṣùgbọ́n ọmọ New Zealand kan, Bob Deans, sáré dé ìlà, wọ́n sì gbá a mú. Ó ní òun ti gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ kọjá ìlà kí àwọn Wales tó wọ́ òun padà. Rẹfirí, tó wọ bàtà àti aṣọ ìgboro, wà lẹ́yìn jìnnà. Nígbà tó fi máa dé ibẹ̀, bọ́ọ̀lù wà níwájú ìlà. Kò gbà á. Deans kú lọ́dún 1908, ọmọ ọdún 24. Ẹ bi ará Wales kan lónìí, á sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù ò dé ìlà. Ẹ bi ará New Zealand kan, ẹ wá àyè jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe lè mọ ẹni tó lágbára jù láyé nígbà náà? Kò sọ́nà. Ikọ̀ kan á wọ ọkọ̀ ojú omi, á ṣe oṣù mélòó kan nílùú onílùú, á padà sílé. Ọdún mìíràn lè kọjá kí ẹlòmíràn tó wá. Wọ́n ta rugby ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Òlíḿpíìkì nígbà mẹ́rin, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1924, níbi tí Amẹ́ríkà ti na Faransé 17 sí 3 tí àwọn òǹwòran sì dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Owó ló sì fa ìdènà tó le jù. Lọ́dún 1895, àwọn ẹgbẹ́ àríwá England ya kúrò torí wọ́n fẹ́ san owó fún òṣìṣẹ́ tó pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ tó bá wá ta. Àwọn tó ya náà ló di rugby league, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe Ife Àgbáyé tiwọn, ní Faransé, lọ́dún 1954. Àwọn tó kù sílé ń bẹ̀rù pé bí ìdíje ńlá bá dé, owó á tẹ̀ lé e wọlé. Wọn ò sì purọ́.

Ìjiyàn kan tún wà tó le ju ti try lọ. Lọ́dún 1981, ikọ̀ Gúúsù Áfíríkà, Springboks, lọ sí New Zealand nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣì wà lórí oyè nílé wọn. Ilé kan náà ni bàbá ti ń lọ wo eré tí ọmọ ń lọ ṣèwọ́de. Ní Hamilton, àwọn olùwọ́de ya wọ pápá, eré ò wáyé. Ní Eden Park, Auckland, bàálù kékeré kan ń fò kọjá lókè, ó ń ju àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀, ọ̀kan sì bá Gary Knight ti All Blacks, ó ṣubú lulẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kẹta 1985, àjọ àgbáyé náà dìbò ní Paris lórí bóyá kí wọ́n ṣe Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, ìbò méjì-méjì. New Zealand, Ọsirélíà àti Faransé ní ó yá. Ireland àti Scotland ní rárá. England àti Wales pín ìbò tiwọn sí méjì. Gúúsù Áfíríkà náà ní ó yá, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí àwọn kópa. Mẹ́wàá sí mẹ́fà.

Orílẹ̀-èdè 16 ni wọ́n pè lọ́dún 1987, láìsí ìdíje àṣeyege. Zimbabwe ló ṣojú Áfíríkà. Wọ́n ra ife kan tí wọ́n ti ṣe ní London lọ́dún 1906, wọ́n fi orúkọ Webb Ellis pè é. Eré ìbẹ̀rẹ̀ wáyé ní 22 oṣù Karùn-ún, ní Eden Park kan náà tí ìyẹ̀fun ti rọ̀ bí òjò. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, ìjókòó tó ṣófo ò kéré. All Blacks fi 70 sí 6 na Ítálì, John Kirwan sì sáré láti ẹ̀gbẹ́ ilé tirẹ̀ dé ilé ọ̀tá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí wọ́n fi na Faransé 29 sí 9 ní àṣekágbá, tí balógun wọn, David Kirk, gbé ife sókè, àwọn tó ti bá ara wọn jà lọ́dún 1981 ti ń pariwo pọ̀.

Àwọn obìnrin ò dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni: ọdún 1991 ni wọ́n ṣe tiwọn ní Wales, àjọ àgbáyé ò tíì fọwọ́ sí i, Amẹ́ríkà ló gba ife. Lọ́dún 1995, Gúúsù Áfíríkà padà wọlé, Mandela wọ ẹ̀wù nọ́ńbà 6 ti balógun wọn, wọ́n fi 15 sí 12 borí New Zealand. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, àjọ náà gbà kí eléré máa gba owó.

Wọ́n wá gbé rẹfirí kan sídìí tẹlifíṣọ̀n kí ìjiyàn lè dópin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní àṣekágbá ọdún 2007, wọ́n yí àwòrán try Mark Cueto ti England síwájú sẹ́yìn kí wọ́n tó pinnu pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ìlà ẹ̀gbẹ́. Àwọn England ṣì ń yí i títí di ìsinsìnyí. Lọ́dún 2023, Gúúsù Áfíríkà fi ayò kan ṣoṣo borí lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra: 29 sí 28, 16 sí 15, àti 12 sí 11 tí wọ́n fi gba ife kẹrin lọ́wọ́ New Zealand. Nínú eré àkọ́kọ́ yẹn, lẹ́yìn try Faransé kan, Thomas Ramos fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù la òkè òpó fún ayò méjì. Cheslin Kolbe sáré jáde láti ìlà, ó sì dí i. Òfin ní kò gbọdọ̀ kúrò kí ẹni tó ń gbá a tó bẹ̀rẹ̀ ìṣísẹ̀. Àwọn Faransé ṣì ń ka ìṣísẹ̀ Ramos: oókan, eéjì. Àwọn Gúúsù Áfíríkà ní kí wọ́n tún un kà.